Ṣé dandan ni pípààrọ̀ omi nínú táǹkì iyùn? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin

Ẹnì kan ń pààrọ̀ omi táǹkì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iyùn rẹ̀ (coral, ẹ̀dá òkun tí à ń sìn nínú omi iyọ̀) ń dàgbà. Ẹlòmíì kò fọwọ́ kan omi tirẹ̀ láti ọdún tó kọjá, iyùn tirẹ̀ náà ń dàgbà. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sì sí èyí tó ń parọ́ nínú wọn. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ pípààrọ̀ omi bíi pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Iṣẹ́ mẹ́rin ni. Ẹni tó bá fẹ́ pa á tì gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tí yóò máa ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá sì ń ṣe é gbọ́dọ̀ mọ èyí tí kò lè ṣe tán nínú wọn.

Kí a tó lọ jìnnà, fífi omi kún omi yàtọ̀ sí pípààrọ̀ omi. Nígbà tí omi táǹkì bá ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, omi lásán ló ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ omi tí kò níyọ̀ la fi ń dí àlàfo náà. Ẹni tó bá ń fi omi iyọ̀ dí i, ìwọ̀n iyọ̀ táǹkì rẹ̀ á máa ga sí i lójoojúmọ́ títí tí iyùn á fi pa ẹnu dé. Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí, kò sí èyí tó yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú fífi omi kún omi.

Iṣẹ́ mẹ́rin náà

Èkíní ni kíkó ìdọ̀tí tó ti yọ́ sínú omi jáde. Oúnjẹ tí ẹja jẹ àti èyí tí kò jẹ, ammonia ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Bakitéríà tó ń gbé lára òkúta àti iyanrìn á sọ ammonia di nitrite, wọ́n á tún sọ nitrite di nitrate. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń dúró sí. Bakitéríà mìíràn wà, àwọn tó ń gbé inú ihò òkúta níbi tí ọ́síjìn kò dé, tí wọ́n lè sọ nitrate di afẹ́fẹ́ tí yóò fò lọ, àmọ́ iṣẹ́ wọn kì í sábà tó ohun tí ẹja ń mú wá. Phosphate náà ń bá oúnjẹ wọlé, òun kì í sì í di afẹ́fẹ́ rárá: àfi kí nǹkan kan gbé e jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á lọ lẹ̀ mọ́ òkúta.

Èkejì ni dídá èròjà tí iyùn ti jẹ padà. Iyùn líle ń fi calcium àti carbonate kọ́ egungun rẹ̀, ó sì ń mú magnesium àti strontium díẹ̀ mọ́ ọn. Ewédò àti àwọn ẹ̀dá mìíràn ń lo iodine, potassium àti irin. Iyọ̀ tuntun ń kó gbogbo wọn wọlé pa pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àdínkù ohun tí a kò lè wọ̀n nílé. Iyùn ń bá ara wọn jà. Àwọn iyùn rírọ̀ bíi Sarcophyton ń tú oró sínú omi láti lé aládùúgbò wọn sẹ́yìn. Omi tó ti pẹ́ máa ń pọ́n díẹ̀ bí ẹ bá wò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun. Irin tó jẹrà níbì kan, bàbà láti inú pọ́ǹpù tó ti bàjẹ́, ìpara ọwọ́ ẹni tó ti ọwọ́ bọ omi: gbogbo wọn ń kóra jọ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, mo sì rò pé ó tó ìdajì àǹfààní tí wọ́n ń rí. Nígbà tí ẹ bá ń fi rọ́bà fa omi jáde, ẹ̀ ń fa ìgbẹ́ ẹja àti ìdọ̀tí tó ti jókòó sínú iyanrìn àti ẹ̀yìn òkúta jáde kó tó jẹrà. Ẹni tó ń gbọ́n omi mímọ́ láti òkè táǹkì, tó ń dà á nù, tó sì ń da tuntun sí i, ti fi èyí tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀.

Ohun tí a ó fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan

Mo fẹ́ ká wo iye iyọ̀ àti omi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń jẹ, àkókò tó ń gbà, bí omi ṣe ń dúró sójú kan tó, ìmọ̀ àti àyẹ̀wò tó ń béèrè, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ má fojú di èyí tó kẹ́yìn yẹn. Òun ló ń yàtọ̀ jù láàárín ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Omi òkun níbi tí iyùn ti ń dàgbà ní iyọ̀ bíi 35 nínú ẹgbẹ̀rún, alkalinity rẹ̀ (agbára omi láti dènà kíkan, níbi tí iyùn líle ti ń rí carbonate; dKH la fi ń wọ̀n ọ́n) sún mọ́ 7 dKH, calcium rẹ̀ wà ní àyíká 410 sí 420 mg/L, magnesium sì sún mọ́ 1,300 mg/L. Nínú táǹkì, ọ̀pọ̀ olùsìn ń gbé alkalinity sí 7 sí 9, wọ́n sì ń jẹ́ kí nitrate wà láàárín 2 sí 10 mg/L, phosphate láàárín 0.03 sí 0.1 mg/L. Ẹ fi iye wọ̀nyí sọ́kàn. Àmọ́ iyùn lè fara da iye tó kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀ tó bá dúró síbẹ̀. Iye tó ń gòkè tó ń sọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ló ń pa á.

Ọ̀nà kìíní: díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, 10% lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táǹkì lítà 200 fẹ́ lítà 20 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn lítà 1,040 lọ́dún. Lítà omi kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 37 iyọ̀ táǹkì, nítorí náà iyọ̀ ọdún kan sún mọ́ kìlógíráàmù 38. Ẹ̀rọ RO/DI, èyí tó ń sẹ́ omi títí tí kò fi ku ohunkóhun nínú rẹ̀, tún máa ń da lítà méjì sí mẹ́rin nù kó tó fún yín ní lítà kan. Ẹ ka ìyẹn mọ́ owó náà. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi omi ẹ̀rọ lásán po iyọ̀ nítorí kó lè dín owó kù: chlorine, bàbà àti phosphate inú rẹ̀ á sọ omi tuntun náà di ìṣòro tuntun.

Bí táǹkì ṣe ń tóbi ni owó ń fò sókè. Táǹkì lítà 60 fẹ́ lítà 6 péré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ lè ṣe é kí omi tíì tó hó. Táǹkì lítà 1,000 fẹ́ lítà 100 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ sì tó kìlógíráàmù 190 lọ́dún.

Kí ni owó yẹn ń rà? Bí a bá pààrọ̀ 10% nígbà 52, ohun tó kù nínú omi àkọ́kọ́ kò tó ìdá kan nínú igba. Ìyẹn ni pé èròjà inú táǹkì kò ní lè jìnnà sí ohun tó wà nínú iyọ̀ yín, yálà ẹ mọ orúkọ èròjà náà tàbí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Èyí ni agbára tòótọ́ tí ọ̀nà yìí ní, kò sì béèrè kí ẹ jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà.

Ẹ wo ibi tí kò ti lágbára. Ká ní oúnjẹ ń fi nitrate 5 mg/L kún omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ohun mìíràn kò sì kó o jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 10% yín kó 0.5 péré lọ, 4.5 ṣẹ́kù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: á máa gòkè títí á fi dé 50 mg/L, níbẹ̀ ni 10% á tó máa kó 5 jáde gẹ́gẹ́ bí 5 ṣe ń wọlé. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 20%, á dúró ní 25. Ẹni tó rí nitrate 40 tó sì pààrọ̀ 10% yóò bá 36 níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, á wá máa rò pé ohun èlò àyẹ̀wò òun ti bàjẹ́. Ìpààrọ̀ omi dára fún dídi ìwọ̀n kékeré mú. Kò dára fún gbígba táǹkì tó ti rì sínú nitrate, àyàfi kí ẹ pààrọ̀ ìdajì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Phosphate tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òkúta tó ti mu ún fún oṣù púpọ̀ á tún tú u sílẹ̀ bí omi bá ti mọ́. Ẹ lè pààrọ̀ omi lónìí, kí phosphate tún padà sí iye àná láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Alkalinity wá ńkọ́? Táǹkì tó kún fún iyùn líle lè jẹ 1 dKH lójúmọ́, ìyẹn 7 lọ́sẹ̀. Bí táǹkì bá wà ní 7, tí omi tuntun jẹ́ 9, ìpààrọ̀ 10% fi 0.2 kún un. Òjò díẹ̀ sínú agbada ńlá ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìpààrọ̀ omi lásán ni òun fi ń bọ́ iyùn líle, yálà iyùn rẹ̀ kò tíì pọ̀, tàbí wọn kò dàgbà tó bó ṣe rò. Bó ti wù kó rí, ẹ ó fi calcium àti alkalinity kún omi lọ́nà mìíràn.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn oníyọ̀ kì í pariwo. Àwọn iyọ̀ kan wà tó máa ń pọ̀ dé 11 tàbí 12 dKH. Bí táǹkì yín bá ń gbé ní 7.5, tí ẹ sì da 20% irú omi bẹ́ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, alkalinity fò sókè bíi 0.8 láàárín wákàtí kan. Orí ẹ̀ka Acropora, iyùn líle ẹlẹ́ka, kì í fẹ́ràn ìyẹn, ó lè jóná di funfun. Ẹ yan iyọ̀ tó bá ìwọ̀n táǹkì yín mu, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ìwọ̀n gíga polówó.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ọ̀nà yìí ń yọ. Omi iyọ̀ wà nílẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà wà, ọwọ́ yín ti mọ iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá sì rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì, fífo ìpààrọ̀ omi yẹn kò ní fa wàhálà.

Ọ̀nà kejì: ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù

Kò gùn láti sọ. 25% tàbí 30% lóṣù kan ń lo iyọ̀ tó kéré sí ti ọ̀nà kìíní, iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, àmọ́ ó wúwo. Lórí ìwé, bí iye omi bá dọ́gba, iyàtọ̀ wọn kò pọ̀: ìpààrọ̀ 30% lẹ́ẹ̀kan pààrọ̀ 30% omi gan-an, nígbà tí 10% lẹ́ẹ̀mẹ́ta pààrọ̀ 27.1%, nítorí pé ẹ̀ ń da díẹ̀ nínú omi tuntun tẹ́lẹ̀ nù pẹ̀lú.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni ìmìtìtì. Omi tuntun tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta táǹkì gbọ́dọ̀ bára mu pẹ̀lú ti àtijọ́ nínú iyọ̀, ooru àti alkalinity, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Fún táǹkì iyùn rírọ̀ tí ẹja inú rẹ̀ kò pọ̀, ó dára púpọ̀. Fún Acropora, mi ò ní yàn án.

Ọ̀nà kẹta: ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀

Pọ́ǹpù kékeré méjì, ọ̀kan ń fa omi táǹkì jáde, èkejì ń fa omi iyọ̀ tuntun wọlé láti inú àgbá, díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Ọkàn balẹ̀, omi kò mì, ẹ̀yìn kò dùn. 1% lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 30 máa pààrọ̀ bíi 26%, èyí tó kéré díẹ̀ sí 30% ẹ̀ẹ̀kan náà, àmọ́ iyàtọ̀ yẹn kò ju kí ẹ fi díẹ̀ kún iyọ̀ lọ.

Inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù méjèèjì kò bá dọ́gba. Ká ní táǹkì yín jẹ́ lítà 300, ẹ̀ ń fa lítà 5 jáde lójúmọ́, àmọ́ 4.9 péré ló ń wọlé nítorí rọ́bà pọ́ǹpù ti rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi omi kún omi á rí i pé omi ti dín, á sì fi omi tí kò níyọ̀ dí i. Iyọ̀ á máa já díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò ní já títí: á dúró ní nǹkan bíi 34.3. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù tó ń mú omi wọlé bá dí pátápátá, tí èyí tó ń fa omi jáde ṣì ń ṣiṣẹ́, láàárín ọjọ́ 10 iyọ̀ á ti bọ́ láti 35 sí bíi 29.6, kò sì sí ohun tí ojú yín máa rí lára omi. Èyí tó ń gbani lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wọn iyọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò tí ẹ ti fi omi 35 yẹ̀ wò, kì í ṣe èyí tí ẹ kàn fi omi lásán tún ṣe.

Ẹ rántí iṣẹ́ kẹrin pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kò lè fi rọ́bà wá ìdọ̀tí ẹ̀yìn òkúta. Ẹni tó ra ẹ̀rọ yìí tó sì dáwọ́ fífa iyanrìn dúró, mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń ṣe.

Ó yẹ táǹkì tó tóbi ju lítà 300 lọ, tí àyè sì wà fún àgbá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fún táǹkì kékeré, owó pọ́ǹpù á ju owó iyọ̀ ọdún púpọ̀ lọ.

Ọ̀nà kẹrin: láì pààrọ̀ omi

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Lee Chin Eng ní Indonéṣíà ti ń fi òkúta ààyè àti afẹ́fẹ́ lásán sin ẹja òkun àti iyùn kí ó tó kọ nípa rẹ̀ ní 1961. Walter Adey, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà, fi ewédò tó ń hù lórí àwọ̀n wẹ omi táǹkì rẹ̀. Lóde òní, ilé iṣẹ́ Triton ní Jámánì ló sọ ọ̀nà yìí di ìmọ̀ gbogbo ènìyàn, tí wọ́n fi àyẹ̀wò ICP, àyẹ̀wò omi tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀, gbè é lẹ́yìn. Ohun tí gbogbo wọn fi jọra ni pé wọn kò fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ láì ní ẹni tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká pín iṣẹ́ náà. Fún ìdọ̀tí yíyọ́, ẹ nílò skimmer tó lágbára, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó gbé ìdọ̀tí sókè kó tó di ammonia, àti yàrá kékeré nísàlẹ̀ táǹkì tí ewédò bíi Chaetomorpha ń hù sí lábẹ́ iná. Ewédò ń jẹ nitrate àti phosphate, nígbà tí ẹ bá ń gé e dànù ni ìdọ̀tí náà ń jáde. Ẹ tan iná rẹ̀ ní òru, kí pH táǹkì (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) má baà já púpọ̀. Ẹlòmíì ń fi ọtí líle tàbí ọtí kíkan díẹ̀díẹ̀ bọ́ bakitéríà, kí àwọn náà jẹ nitrate kí skimmer sì kó wọn jáde. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n púpọ̀, bakitéríà á pọ̀ lójijì, wọ́n á gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ẹja.

Fún èròjà, ẹ ní láti máa fi calcium àti alkalinity kún omi lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń lo calcium chloride àti sodium bicarbonate, ẹ mọ̀ pé iyọ̀ lásán (sodium chloride) ni èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí iyùn bá ti jẹ tirẹ̀ tán. Nínú táǹkì tí omi rẹ̀ ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n. Nínú táǹkì tí omi kò ń jáde, iyọ̀ yẹn ń kóra jọ, ìwọ̀n àwọn èròjà yòókù sí i á sì yí padà. Ohun tí Hans-Werner Balling, ará Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà fífi èròjà kún omi yìí, rí nìyẹn, tó fi fi apá kẹta kún ọ̀nà tirẹ̀: iyọ̀ òkun tí kò ní sodium chloride nínú, kí gbogbo rẹ̀ lè bára dọ́gba. Calcium reactor, tó ń fi afẹ́fẹ́ CO2 yọ́ òkúta aragonite, kò ní ìṣòro yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni omi calcium hydroxide. Àmọ́ pH omi calcium hydroxide ga tó 12.4, ẹ kán an sí i díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan láé.

Fún èyí tí a kò lè wọ̀n, carbon onígúlúgúlú (èédú tí wọ́n ṣe fún sísẹ́ omi) nínú àpò, tí ẹ ń pààrọ̀ rẹ̀ bíi lóṣooṣù, á mu oró iyùn àti àwọ̀ pípọ́n. Fún ìdọ̀tí ilẹ̀, ẹ fi rọ́bà fa iyanrìn bó ti yẹ, ẹ jẹ́ kí omi gba inú àpò asẹ́ kọjá, kí ẹ sì da omi kan náà padà. Ọgbọ́n kékeré yìí dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń pààrọ̀ omi pẹ̀lú.

Àyẹ̀wò ICP ni ẹni tó ń ṣọ́ gbogbo èyí. Ẹ fi omi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, wọ́n á fi iná argon tó gbóná kọjá ààlà sun ún, wọ́n á sì fi ìmọ́lẹ̀ tí èròjà kọ̀ọ̀kan ń tàn ka iye rẹ̀, láti orí calcium dé orí bàbà. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. ICP kò rí alkalinity, kò rí ammonia, kò rí oró iyùn, phosphorus lápapọ̀ ló sì ń kà. Àyẹ̀wò ilé ò lè dúró.

Wàhálà tó ń pa ọ̀pọ̀ táǹkì báyìí kì í ṣe nitrate púpọ̀. Àìsí nitrate ni. Skimmer ńlá, ewédò tó ń hù bí igbó, asẹ́ phosphate, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nitrate àti phosphate bá di òdo. Iyùn á ṣá, á máa rù, dinoflagellate, ẹ̀dá kéékèèké inú omi, á sì bo iyanrìn bí ikun àwọ̀ ilẹ̀. Ní irú àkókò yẹn, pípààrọ̀ omi sí i lè mú un burú sí i. Ẹ dín ẹ̀rọ kù, ẹ bọ́ ẹja dáadáa.

Owó ńkọ́? Iyọ̀ dín kù gidigidi, àmọ́ èròjà, carbon, iná ewédò àti owó àyẹ̀wò gba ipò rẹ̀. Fún táǹkì lítà 1,000, èrè wà. Fún táǹkì lítà 60, ó dà bíi fífi owó ńlá sá fún iṣẹ́ kékeré. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tí kò ní iyọ̀ nílé wà nínú ewu. Anemone (ẹ̀dá òkun rírọ̀ tó bá iyùn tan) tó wọ inú pọ́ǹpù tí ara rẹ̀ sì fọ́ yángá, ẹja ńlá tó kú sẹ́yìn òkúta, bàbà tó ti dé inú omi: kò sí ewédò tó lè gba táǹkì náà láàárín wákàtí kan. Ìpààrọ̀ omi ńlá ni.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, kó pààrọ̀ 10% lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, láìka irú iyùn sí. Kì í ṣe nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn, àmọ́ nítorí pé ọ̀nà yìí nìkan ló ń darí àṣìṣe jì yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ pé ẹ ṣe é. Ẹni tí táǹkì rẹ̀ kò ju lítà 100 lọ, kó má wá ọ̀nà mìíràn rárá. Iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, omi kékeré sì ń yí padà kíákíá.

Iyùn rírọ̀, ẹja díẹ̀, nitrate tó dúró láàárín 5 sí 10 fún oṣù mélòó kan láìgòkè: oṣooṣù tó. Bí ó bá tilẹ̀ di oṣù méjì méjì, ẹ wo omi, ẹ má wo kàlẹ́ńdà. Ẹ fi carbon sí i nítorí oró.

Iyùn líle púpọ̀ nínú táǹkì tó tóbi, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ pípẹ́ lójúmọ́ àmọ́ tí kò fẹ́ kọ́ kẹ́míkà: ẹ̀rọ ni kó rà, kó sì máa fi calcium àti alkalinity kún omi. Èyí ló bá ọ̀pọ̀ tí mo mọ̀ mu jù.

Láì pààrọ̀ wà fún ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí àyẹ̀wò, tí táǹkì rẹ̀ tóbi tí owó iyọ̀ fi ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tó sì ti ní ọdún kan tó dúró lẹ́yìn. Kó má dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan. Kó dín in láti ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ méjì, láti ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù kan, kó máa kọ nitrate, phosphate àti iyọ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀. Bí nitrate bá gòkè nínú àyẹ̀wò mẹ́ta tó tẹ̀léra, ewédò kò tíì lágbára tó, kó padà sí ìgbésẹ̀ tó ṣáájú. Iyọ̀ tó tó láti pààrọ̀ ìdajì táǹkì náà gbọ́dọ̀ wà nínú ilé nígbà gbogbo, nínú ike tó dé pinpin, pẹ̀lú omi RO/DI tó tó o àti pọ́ǹpù tí wọ́n máa fi pò ó.